Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo fíìmù l'Abuja, báwo lẹ ṣe ń fi ránṣẹ́ sí láàbù?

OmoKubwa

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Kámẹ́rà Pentax K1000 tí àbúrò bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń lò láti bí ọdún kan, rọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni mo ti yà tán, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátò ìyàwó mi, ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa kúrò níbẹ̀. Méjì nínú wọn, ọjọ́ tí màmá mi pé ọgọ́ta ọdún ni. Ọ̀kan, Hawan Sallah (ìwọ́de ẹṣin ọjọ́ ọdún) tí mo lọ wò ní Zaria, tí ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ níbi tí mo ti ń wá fọ́kọ́ọ̀sì. Mo mú ọ̀kan lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣe wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì ní Wuse, ó wo rọ́ọ̀lù, ó wo ojú mi, ó pe ọmọọṣẹ́ ẹ̀ pé kó sáré wá wo nǹkan. Bó ṣe parí nìyẹn.

Mo ti rí láàbù kan l'Ékòó tó ń fọ̀ ọ́ tó sì ń skáànù, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rù ló kù. Tó bá sọnù lọ́nà, mi ò lè ní kí màmá mi lọ tún ọgọ́ta pé. Ṣé wébìlì ní páàkì ni, àbí kúríà, àbí kí n dúró de ẹni tó ń wọ bàálù lọ? Mo gbọ́ pé X-ray máa ń ba fíìmù jẹ́. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán ńkọ́, báwo ló ṣe máa padà wá?

IyaIbeji_Gwarinpa

OmoKubwa kú iṣẹ́ o, fọkàn balẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi fíìmù ránṣẹ́ láti Gwarinpa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí wàhálà, ẹ̀bi tèmi sì ni, màá sọ.

Wébìlì ni mo ń lò. Páàkì Utako tàbí Jabi, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù, ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdè. Kò gba inú ẹ̀rọ kankan kọjá, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ń dé Èkó tí ọ̀nà bá dára. Má fi ránṣẹ́ ní Fúráìdè láé. Ohun tó ṣe mí nìyẹn: mo fi ránṣẹ́ ní Fúráìdè, ọkọ̀ dé lálẹ́, láàbù ti tì, wọn ò ṣí ní Sátidé, páálí mi sùn sábẹ́ páànù ní páàkì títí di Mọ́ńdè, nínú oṣù kẹta, ẹ mọ irú ooru tí mò ń wí. Fọ́tò jáde o, ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹ̀ ti yí, gbogbo àlejò ìkómọ yẹn wá pọ́n bí ẹni fi epo para.

Bí mo ṣe ń dì í: rọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan máa padà sínú ike kékeré tó bá a wá. Máákà ni mo fi ń kọ nọ́ńbà, ara rọ́ọ̀lù gangan ni mo sì ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ara ike, torí ike àti ọmọrí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Gbogbo wọn á wọnú náílọ́ọ̀nù onísíìpù, náílọ́ọ̀nù á wọnú ike áísìkirímù, mo máa fi bébà ìròyìn dí àyè tó kù kó má máa mì wọ̀nwọ̀n, ó di inú páálí. Má fi yìnyín sí i o. Ẹnì kan tí mo mọ̀ fi áísì sí i pé kó lè tutù dé Èkó, omi ni wọ́n bá nínú páálí. Tìẹ tó wà nínú fíríìjì yẹn, kó wọn jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, sì jẹ́ kí wọ́n wà nínú náílọ́ọ̀nù wọn títí ara wọn á fi gbóná bíi ti yàrá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á làágùn, omi á sì wọnú fíìmù.

Ìwé wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Orúkọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, iye rọ́ọ̀lù, ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn páálí, fi ìkejì sínú, torí èyí tó wà níta máa fà ya, má tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ya fọ́tò gbogbo rọ́ọ̀lù lórí tábìlì kó o tó dì í, ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kó o sì pè é níwájú ẹ̀ níbẹ̀ kó o rí i pé fóònù ẹ̀ dún.

OmoKubwa

Hà, àǹtí mi, ẹ ṣé gan-an. Ti pípe dírẹ́bà níwájú ẹ̀ yẹn, mi ò ronú kan ibẹ̀ rárá. Ẹlòmíì ńkọ́?

Lugbe_Lensi

Èmi ò ní gbàgbé tèmi láéláé. Mo kọ FÍÌMÙ gàdàgbà-gàdàgbà sára páálí pé kí wọ́n lè rọra gbé e. Ní nǹkan bí aago méjìlá dírẹ́bà pè mí, wọ́n ti kọjá Lokoja, ó ní àwọn kan dá òun dúró ní chẹ́kípóìntì wọ́n fẹ́ mọ irú fíìmù tí òun gbé. Ṣé ẹ rí i, síidì ni wọ́n rò, fíìmù ìṣekúṣe. Mo ní kó gbé fóònù fún ọ̀gá náà kí n ṣàlàyé. Mo ń sọ fún un pé sà, ti kámẹ́rà ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣí i, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ mò ń gbọ́ kírírí kírírí lẹ́yìn, ó ti di ahọ́n fíìmù mú ó ń fà á jáde bíi téèpù télọ̀, ó kù díẹ̀ kó tó mítà méjì. Ó ní "kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, kò sí mọ́.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan mẹ́ta ni mò ń ṣe. Mo máa ń yí fíìmù wọlé pátápátá, ahọ́n ẹ̀ kò ní yọ síta, wọn ò ní rí ibi tí wọ́n máa dì mú. "Rọ́ọ̀lù kámẹ́rà, ti ìgbéyàwó" ni mo ń kọ sára páálí, tí wọ́n bá ti rí ìgbéyàwó ojú wọn á rọ̀. Ẹ̀kẹta, mo máa ń fi rọ́ọ̀lù kan tó ti bàjẹ́ sórí pátápátá, ahọ́n ẹ̀ yọ jáde, kí ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ fà rí nǹkan fà.

IyaIbeji_Gwarinpa

Lugbe o pa mí lẹ́rìn-ín 😂 "kò sí mọ́." Màá jí ọgbọ́n rọ́ọ̀lù orí yẹn lò.

Baba_Jos

Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ tiẹ̀ náà. Mo ṣe ọmọọṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Jos lọ́dún 1979, òyìnbó kan wà tó ń bá àwọn oníkùsà ṣiṣẹ́, Kodachrome ló ń lò, fíìmù síláìdì aláwọ̀ ti Kodak. Tó bá ya ọ̀kan tán, ó máa fi sínú àpò ìwé aláwọ̀ ìyeyè tó bá fíìmù wá, èmi ló máa ń rán lọ sí posófíìsì, ó di Hemel Hempstead ní England, níbi tí Kodak ti ń fọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n fi ra fíìmù ti kó owó fífọ̀ ẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn bí oṣù kan, páálí kékeré kan á padà dé, fọ́tò síláìdì ti to ara wọn sínú ẹ̀. Kò sí ẹni tó pe dírẹ́bà kankan.

Ìdí tí wọ́n fi ń rán an lọ sókèèrè ni pé wọn kì í fọ Kodachrome ní sítúdíò lásán. Àwọn kẹ́míkà tó ń di àwọ̀ kò sí lára fíìmù náà, inú omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n wà, ẹ̀rọ ńlá ló sì ń ṣe é. 1935 ni Kodachrome jáde, láàbù tó fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn láyé, Dwayne's Photo ní Parsons, Kansas, ní Amẹ́ríkà, dáwọ́ gbígbà á dúró ní ìparí 2010. Nítorí náà, ẹni tó bá rí rọ́ọ̀lù Kodachrome nínú àpótí bàbá rẹ̀, tí wọn ò tíì fọ̀, kó má wulẹ̀ san owó fún ẹni tó bá ní òun máa fọ̀ ọ́ ní aláwọ̀. Dúdú àti funfun nìkan ni wọ́n lè yọ lára ẹ̀ báyìí.

Kí ẹ sì tó máa bẹ̀rù ọ̀nà, ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà Kodak àkọ́kọ́, 1888, dọ́là 25, fíìmù ọgọ́rùn-ún fọ́tò ti wà nínú ẹ̀. Tó o bá yà á tán, kámẹ́rà odidi lo máa fi ránṣẹ́ padà sí Rochester pẹ̀lú dọ́là 10, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ki fíìmù tuntun sí i, wọ́n á dá gbogbo ẹ̀ padà fún ọ. Ẹni tó ra kámẹ́rà kò fojú kan fíìmù rárá.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. OmoKubwa, má fi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ pọ̀. Kó àwọn tí kò ní dùn ọ́ lọ ṣáájú kí wọ́n lọ wo ọ̀nà wá fún ọ. Tí ìyẹn bá padà dáadáa, kó tó kù. Sì ṣe é kíá. Fíìmù tí o kò tíì yà lè pẹ́ ní fíríìjì, èyí tó o ti yà, àwòrán tó wà lára ẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ooru ló sì ń yára pa á. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn, kódà kó jẹ́ pé o kàn fẹ́ sáré ra ẹran ní Kubwa.

OmoAirportRoad

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti X-ray torí ọ̀rọ̀ òfìfo pọ̀ lórí ẹ̀. Iṣẹ́ mi ń gbé mí wọ bàálù lemọ́lemọ́.

Báàgì tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ kó lọ sínú ikùn bàálù, ẹ má fi fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ sínú ẹ̀ LÁÉ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìyẹn lágbára púpọ̀, ó lè fi ìlà bí ìgbì omi sára gbogbo fọ́tò yín. Ti ọwọ́ ló yẹ kó wà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń wo báàgì ọwọ́ kò ní ṣe fíìmù 200 tàbí 400 (nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) ní nǹkan kan tó bá gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i lára ẹ̀ ni, tó bá gba éápọ́ọ̀tù márùn-ún kọjá ó ti ń di ìṣòro. Láti 800 lọ sókè, ẹ má jẹ́ kó wọ ọ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá ya 400 bíi 1600, ìyẹn tẹ́ ẹ ṣẹ́tì kámẹ́rà sí 1600, ẹ kà á kún 1600.

Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè ní CT, tí wọ́n ń fi síbi báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ éápọ́ọ̀tù òkèèrè báyìí, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè bà á jẹ́, iye yòówù kó wà lára fíìmù. Ẹ dá a mọ̀: ó tóbi, ó rí roboto bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń ní kéèyàn má yọ láptọ́ọ̀pù jáde. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ wò ó.

Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n: mo máa yọ gbogbo rọ́ọ̀lù kúrò nínú ike dúdú, mo kó wọn sínú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, mo mú un lọ́wọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, mi ò ní í jẹ́ kí báàgì ti wọlé tán kí n tó máa pariwo. Mo máa kí wọn dáadáa. Ní Nnamdi Azikiwe ní ibí, "Sannu da aiki" (ẹ kú iṣẹ́ ní Hausa) ti ṣí ọ̀nà fún mi ju gbogbo gírámà lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Báàgì lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà yẹn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹni tó ń wo ẹ̀rọ á rí nǹkan dúdú kan, á sì ní kẹ́ ẹ ṣí i tàbí kẹ́ ẹ tún fi wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kúríà tó ń gba ojú òfurufú, ẹ ò lè mọ ẹ̀rọ tó máa gbà kọjá. Torí náà fún Èkó, mo fara mọ́ ìyá ìbejì, ilẹ̀ ni kó gbà.

Kano_SabonGari

Ìyẹn dáa, ẹ̀yin ará Abuja ẹ ní ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Àwa tá a wà ní Kano, ọkọ̀ Èkó wà o, ṣùgbọ́n ó jìnnà, ó sì lè sùn lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Gwagwalada ni mò ń kó tèmi fún, òun ló ń bá mi gbé e dé Utako.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ọ̀nà. Ọyẹ́. Lóṣù kejìlá sí ìkejì, afẹ́fẹ́ ibí gbẹ débi pé tó o bá bọ́ súwẹ́tà iná á máa ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú kámẹ́rà. Mo yí fíìmù padà ní kíákíá lọ́jọ́ kan torí mo ń sáré, nígbà tí skáànù dé, nǹkan tó dà bíi gbòǹgbò igi, bíi mànàmáná kéékèèké, wà lára fọ́tò mẹ́jọ. Mo bá láàbù jà. Mo bú wọn, mo tọrọ àforíjì lẹ́yìn. Iná tó ta nínú kámẹ́rà ni, èmi ni mo fa á. Ẹ rọra yí i nígbà ọyẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa omi kànga. Eruku náà ńkọ́, ẹ nu inú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó ki fíìmù tuntun, eérún kan ṣoṣo níbi tí fíìmù ń gbà kọjá máa fa ìlà láti orí fọ́tò àkọ́kọ́ dé ìkẹtàdínlógójì.

AfoFiimu_Ilorin

Mo ti ṣiṣẹ́ ní láàbù rí kí n tó kó wá sí Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ẹni tó ń gba páálí máa ń rí.

Páálí á dé, kò sí ìwé, kò sí nọ́ńbà. A máa gbé e sórí pẹpẹ, a máa dúró de ẹni tó máa pè wá tìbínú-tìbínú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nípa bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ni ín. Òmíràn á kọ ọ́ sínú WhatsApp nìkan, kò kọ ọ́ sínú páálí, ẹni tó ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn kò gbé fóònù dání ẹ jọ̀ọ́.

Tó bá jẹ́ pé fíìmù 400 lẹ yà bíi 1600, ẹ kọ ọ́ sára rọ́ọ̀lù: "push 2". Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, a máa fọ̀ ọ́ bíi 400, á ṣókùnkùn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Fíìmù sinimá, àwọn Kodak Vision3 tí wọ́n ń gé sínú rọ́ọ̀lù 35mm tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Ẹ SỌ FÚN LÁÀBÙ. Àwọn kan nínú wọn ní ohun dúdú kan lẹ́yìn, remjet ló ń jẹ́, kẹ́míkà ECN-2 ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Tó bá ṣèèṣì wọnú kẹ́míkà C-41 tiwa tí a fi ń fọ fíìmù aláwọ̀, ohun dúdú yẹn á ṣí kúrò, á lẹ̀ mọ́ fíìmù ẹlòmíì tó wà nínú ẹ̀rọ. Fọ́tò ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni lẹ máa ba jẹ́.

Àwọn tó ń lo fíìmù 120, èyí tó fẹ̀, tí kò ní agolo: tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ wé e kó le dáadáa, ẹ fi tutọ́ lẹ bébà ẹnu ẹ̀, ẹ fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan wé e. Tó bá dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kámẹ́rà àlòdanù oníflásì, odidi ni kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ má ṣí i nílé, iná tó wà nínú flásì yẹn á gbá yín kẹ́ ẹ ju kámẹ́rà nù.

Èyí tó dùn mí jù wá ni nẹ́gẹ́tíìfù, fíìmù gan-an tí a ti fọ̀. Èèyàn á gba skáànù lórí Google Drive, inú ẹ̀ á dùn, ó gbé e sórí Instagram, ó tán. Nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, àpò Ghana-must-go méjì ló kún fún nẹ́gẹ́tíìfù tí wọn ò wá gbà. Mo fa ọ̀kan yọ lọ́jọ́ kan mo nà án sí gílóòbù: ìyá arúgbó kan lórí àga, àwọn ọmọ-ọmọ to yí i ká, ẹnì kan fi ọwọ́ lé e léjìká. Ta ló ni ín? Mi ò mọ̀. Fóònù tí skáànù wà nínú ẹ̀ lè bọ́ sómi lọ́la. Ẹ san owó ìdápadà ní ọjọ́ tẹ́ ẹ ń san owó fífọ̀, ẹ má ní tó bá yá.

Ìdápadà gan-an kò le. Fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ kò bẹ̀rù X-ray mọ́, kò bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀, ó lè wọ bàálù, ó lè gba posófíìsì. Ẹ kàn ní kí wọ́n gé e ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n fi sínú ike pẹlẹbẹ ẹ̀, kí wọ́n fi páálí líle há a láàárín kó má ká. Omi ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù.

Dakuruumu_Baluwe

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ máa fọ̀ ọ́ nílé ná. Èmi nílé mi ní Nyanya, dúdú àti funfun, fíìmù Ilford HP5 nínú kẹ́míkà D-76, 20 dígírì, ìṣẹ́jú méje àbọ̀, ó parí. Omi ẹ̀rọ ibí ni olórí ọ̀tá, lóṣù kẹrin ó máa ń jáde bíi tíì. Píọ́wọ́tà tó ti dì ni mo ń ju sínú bókítì, náílọ́ọ̀nù ẹ̀ lára ẹ̀ o, kí omi inú ẹ̀ má dà pọ̀ mọ́ kẹ́míkà, mo gbé àwọn ìgò kẹ́míkà sínú bókítì náà, mo ń fi tẹmómítà wò ó.

AfoFiimu_Ilorin

@Dakuruumu òótọ́ ni, kódà aláwọ̀ rọrùn fún wa ju fún òyìnbó lọ, C-41 ń fẹ́ 37.8 dígírì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi tó ti tó 30 láti inú ẹ̀rọ, kí ló kù kó gbóná dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgọ́ta ọdún ìyá èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́.

Dakuruumu_Baluwe

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn. Kó fi ti ẹṣin kọ́ ọ.

OmoKubwa

Ti ẹṣin náà kẹ̀, ẹ̀mí mi ni mo fi yà á!

Màá ṣe bí Bàbá ṣe wí, mẹ́rin ló máa lọ ṣáájú. Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Màá padà wá jábọ̀.

OmoKubwa *(ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)*

Mo ti dé o. Mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ ní Túsìdè, láti Utako, ₦4,500, dírẹ́bà dára, fóònù ẹ̀ dún níwájú mi. Mo fi rọ́ọ̀lù bíbàjẹ́ sórí bí Lugbe ṣe wí, ẹnikẹ́ni ò fà á. Skáànù dé lọ́jọ́ kẹfà, ó mọ́ kedere, ẹṣin Zaria wà níbẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tó fà mí sẹ́yìn. Mo bá kó márùn-ún tó kù lọ.

Mẹ́rin jáde. Nọ́ńbà 7 kò jáde. Ọ̀kan nínú méjì ti màmá mi ni. Inú bí mi, mo ti fẹ́ pe láàbù kí n sọ̀rọ̀ tí kò dáa, wọ́n bá fi fọ́tò fíìmù náà ránṣẹ́: ó mọ́ gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bíi náílọ́ọ̀nù, KODAK àti nọ́ńbà 1, 2, 3 nìkan ló wà létí ẹ̀. Ṣé X-ray nìyẹn? Ṣé ooru ni?

Baba_Jos

Rárá o ọmọ mi, má pe ẹnikẹ́ni. Orúkọ àti nọ́ńbà etí yẹn, iléeṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló fi ìmọ́lẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, fífọ̀ ló ń jẹ́ kó hàn. Tó bá ti hàn, a jẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Ká ní kẹ́míkà ló kùnà, etí náà ì bá mọ́ gaara. X-ray tàbí ooru ì bá jẹ́ kó ṣú. Fíìmù tó mọ́ báyìí tí nọ́ńbà etí ẹ̀ sì hàn, ìmọ́lẹ̀ kò kàn án rí. Ahọ́n fíìmù náà kò mú nínú kámẹ́rà nígbà tó o ki í. Nígbà tó ò ń fa ọwọ́ kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, ṣé kọ́kọ́rọ́ apá òsì tí wọ́n fi ń yí i padà ń yí?

OmoKubwa

Bàbá, mi ò wo ibẹ̀ rárá. Ohun tí mo rántí ni pé nọ́ńbà orí kámẹ́rà kọjá 36, ó dé 38, ó ṣì ń lọ, inú mi dùn, mo rò pé iléeṣẹ́ fi èènì sí i.

Baba_Jos

Nọ́ńbà yẹn ń bá ọwọ́ kámẹ́rà lọ ni, kò mọ̀ bóyá fíìmù wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ òsì ni kó o máa wò. Rọra yí i títí fíìmù á fi le, lẹ́yìn náà fa ọwọ́, tí kọ́kọ́rọ́ bá yí, ó ti mú. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Jos gbá mi létí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lugbe_Lensi

Nítorí náà rọ́ọ̀lù tí kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ lo dì pẹ̀lú ike áísìkirímù, náílọ́ọ̀nù onísíìpù, ìwé méjì, tó o tún pe dírẹ́bà ẹ̀ẹ̀mẹta lé lórí 😭

OmoKubwa

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Aṣọ àkọ́kọ́ màmá mi jáde, gígé kéèkì náà jáde. Aṣọ kejì ló wà nínú nọ́ńbà 7, lésì aláwọ̀ ewé tó fi oṣù mẹ́ta wá. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí pé fọ́tò lésì dà. Mo ní ó ṣì wà lọ́nà.

IyaIbeji_Gwarinpa

Wọ́n á bi ẹ́ ní nọ́ńbà dírẹ́bà o.